Orí Kẹfà: Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Etí Ọ̀sà Lórí Òkè Gíga

Ọ̀yìngbò kò ga rárá. Láti ẹnu ọjà títí dé ibi tí afárá Third Mainland ti ń gba orí ọ̀sà kọjá, díẹ̀ báyìí ni ilẹ̀ fi ga ju omi lọ. Aláàárù tó gbé àpò ẹ̀wà karí nídìí ọkọ̀ akẹ́rù, tó ń pariwo "àgò lọ́nà o!" láàárín èrò, lè làágùn, ó sì lè máa mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n gbogbo èémí tó ń fà símú ló kún dẹ́nu. Òfuurufú tó wà lókè orí rẹ̀ wúwo, ìwúwo yẹn ló sì ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ tó ki bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i sí, inú rẹ̀ ló dàgbà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ta tòmátì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀yìngbò lọ sí Agbádó láràárọ̀.

Nígbà tí irú ara bẹ́ẹ̀ bá pinnu láti fi ọjọ́ mẹ́rin gun òkè lọ wo ahoro ìlú àtijọ́ nílẹ̀ òkèèrè, ohun tó ń lọ bá kì í ṣe òkúta àti àtẹ̀gùn nìkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tó ń kọ́ni nípa irú ìrìnàjò yìí, àwọn òyìnbó ló kọ ọ́ fún ara wọn. Wọ́n á sọ ti bàtà, wọ́n á sọ ti àgọ́ àti aṣọ òjò. Wọn kì í sábà sọ ti ẹ̀jẹ̀ AS, nítorí kò wọ́pọ̀ láàárín wọn. Láàárín tiwa, bí èèyàn mẹ́rin bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní Ọ̀yìngbò, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní i. Ìdí tí mo fi kọ orí yìí nìyẹn.

Ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ahoro orí òkè kò ní láti gba físà. Òkè Ìdànrè wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Orí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè gbé láti ìran dé ìran, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí ìlú wà báyìí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àtẹ̀gùn tó gbéni dókè lé ní 600. Ẹni tó bá gùn ún tán á bá ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba wọn, á bá ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, á sì rí òkúta tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Agbóògùn. Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà sí ogún àgbáyé. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa mọ àwòrán Machu Picchu, ahoro orí òkè ní orílẹ̀-èdè Peru, dáadáa ju ti Ìdànrè lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tó ga jù ní Ìdànrè kò ju nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ìyẹn nǹkan bí 900 mítà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣì tó bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti Ọ̀yìngbò. Itan á ro ẹni, orúnkún á máa gbọ̀n, ẹ̀dọ̀fóró kò ní mọ̀ pé òun kúrò nílé. Mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ lọ dán bàtà àti ẹsẹ̀ wọn wò. Kí wọ́n má kàn rò pé ẹni tó gùn ún láìsinmi ti ṣe tán fún orílẹ̀-èdè Peru nìyẹn. Ibi tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàrábà, jẹ́ 2,419 mítà. Machu Picchu jẹ́ 2,430. Ẹni tó bá dúró láàárín ahoro yẹn ti ga ju ẹnikẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, bẹ́ẹ̀ ahoro náà wà lára ibi tó rẹlẹ̀ jù lójú ọ̀nà ọjọ́ mẹ́rin ọ̀hún.

Pachacuti, ọba àwọn Inca, ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó kọ́ Machu Picchu láàárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Níbi àwọn ilé pàtàkì rẹ̀, òkúta ni wọ́n gbẹ́, tí wọ́n tò ó débi pé láìsí sìmẹ́ǹtì tàbí amọ̀ láàárín wọn, abẹ ìfárí kò ráyè wọlé. Kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Hiram Bingham láti Amẹ́ríkà débẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1911, ayé sì ń sọ pé òun ló ṣàwárí rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń dáko ládùúgbò náà ló mú un dókè, ó sì bá àwọn ìdílé tó ń gbin oúnjẹ sáàárín ahoro náà níbẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ń ti ìlú Cusco lọ sí apá ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn bí àwọn Inca ṣe rìn máa ń sọ̀kalẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Kìlómítà 82, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Láti ibẹ̀, nǹkan bí 43 kìlómítà ló kù. Ìjọba Peru kì í gbà kó ju 500 èèyàn lọ lóòjọ́, àti arìnrìnàjò, àti afinimọ̀nà, àti aláàárù. Gbogbo oṣù Kejì ọdún ni wọ́n sì máa ń ti ọ̀nà náà pa láti tún un ṣe. Ọjọ́ kìíní kò le. Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ wà: àtẹ̀gùn òkúta lórí àtẹ̀gùn òkúta, títí dé ẹnu ọ̀nà òkè tí wọ́n ń pè ní Warmi Wañusqa, 4,215 mítà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ahoro á wá máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Runkurakay, Sayacmarca, Phuyupatamarca tí ìkùukùu máa ń bò, Wiñay Wayna tí wọ́n fi òkúta gbé ebè rẹ̀ ró ní ìpele-ìpele létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n á gba Intipunku, ẹnu ọ̀nà oòrùn, wọ́n á sì rí Machu Picchu nísàlẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè kì í ṣe pé ọ́síjìn tán. Nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́, nǹkan bí 21 ni ọ́síjìn. Bó ṣe rí ní Ọ̀yìngbò náà ló rí lórí Everest. Ohun tó yàtọ̀ ni bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ki sí. Ẹ wo ìyá onígàrí: kóńgò kan náà ló fi ń wọ̀n, inú àpò kan náà ló ti ń bù ú, ṣùgbọ́n bó bá fi ọwọ́ kì í mọ́lẹ̀, ẹ ó rí púpọ̀ gbé relé, bó bá kàn dà á sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kóńgò á kún, gàrí inú rẹ̀ kò ní pọ̀. Ní etí ọ̀sà, ìwúwo òfuurufú ti ki afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ fún wa. Ní Cusco, tó ga tó nǹkan bí 3,400 mítà, ohun tó wà nínú èémí kan jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti Ọ̀yìngbò. Lórí Warmi Wañusqa, ó ti bọ́ sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún.

Ara kì í dúró kó máa wò. Láàárín wákàtí díẹ̀, èémí á yá sí i, ọkàn á máa sáré. Mímí kíákíá yìí máa ń tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide dà nù ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ á sì yí padà díẹ̀ kúrò ní bó ṣe máa ń wà. Kíndìnrín ló máa ń ṣe àtúnṣe: ó máa ń da èròjà bicarbonate sínú ìtọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkè fi ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Àtúnṣe yìí máa ń gba ọjọ́ díẹ̀. Kíndìnrín kan náà á ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn egungun pé kó pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa sí i, ìyẹn sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ mẹ́rin ti tán kí iṣẹ́ náà tó fìdí múlẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gun òkè yìí ń gùn ún pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó gbé kúrò nílé.

Bí àtúnṣe náà kò bá tètè bá òkè mu, àìsàn òkè á dé. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 2,500 mítà lọ sókè, lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́fà sí méjìlá téèyàn débẹ̀: orí á máa fọ́, èébì á máa gbéni, oúnjẹ kò ní wuni, òòyì á máa kọ́ni, oorun kò ní dùn. Kò mọ ọ̀dọ́, kò mọ àgbà. Ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ lè dùbúlẹ̀, kí ìyá rẹ̀ tó ń rọra rìn máa bá ọ̀nà lọ. Kódà àwọn tí ara wọn le lè tètè kó sí i, bí ẹsẹ̀ wọn bá yá ju kíndìnrín wọn lọ.

Orí fífọ́ nìkan, ìsinmi àti omi lè wò ó, bí èèyàn bá dúró síbi tó wà láì gùn sí i. Ohun méjì ló ń pani. Èkíní ni kí ọpọlọ wú. Afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn pé ṣé ara rẹ̀ le, nítorí ó mọ̀ pé á ní ó le. Á fi ọ̀pá fa ìlà kan sílẹ̀, á ní kó rìn lórí rẹ̀, kí gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, kí ti òsì náà máa kan ti ọ̀tún. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á rìn ín já. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń wú á yẹ̀ gẹ́rẹ́ kúrò lórí ìlà bí ẹni tó mutí, á tún gbìyànjú, á tún yẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, bí òkùnkùn ti wù kó ṣú. Èkejì ni kí omi dà sínú ẹ̀dọ̀fóró: èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀ kò rí èémí mí délẹ̀, ó ń wúkọ́, nígbà míì itọ́ á pọ́n fòò. Sísọ̀kalẹ̀ náà ni oògùn rẹ̀. Ọ́síjìn inú ìgò dára, oògùn náà dára, ṣùgbọ́n wọn kò lè dípò sísọ̀kalẹ̀.

Lójú ọ̀nà yìí kan náà, àwọn aláàárù tó jẹ́ ọmọ Quechua máa ń ru àgọ́, ìkòkò àti sìlíńdà gáàsì, wọ́n á sì sáré kọjá lára àlejò tí kò ru ju omi lọ. Èèyàn ti ń gbé orí àwọn òkè Andes fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àyà wọn fẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀. Àwọn ará Tibet náà ń gbé òkè, ara wọn sì gba ọ̀nà mìíràn: ẹ̀jẹ̀ wọn kì í ki púpọ̀, ó ní ohun àjogúnbá kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní EPAS1 tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìran tó bá pẹ́ níbì kan, ibẹ̀ á yí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà.

Ibo ni àwa pẹ́ sí? Ilẹ̀ olóoru la pẹ́ sí, létí omi, níbi tí ẹ̀fọn ti ń pa ọmọ wẹ́wẹ́. Ní ọdún 1954, Anthony Allison fi hàn pé ọmọ tó bá gba S láti ọ̀dọ̀ òbí kan, tó sì gba A láti ọ̀dọ̀ èkejì, ìyẹn AS, ní ààbò ńlá lọ́wọ́ ibà tó le. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń yè, tó ń dàgbà, tó ń bímọ. Bí S ṣe pọ̀ láàárín wa nìyẹn. Òkè ló yan ẹ̀jẹ̀ tiwọn. Ẹ̀fọn ló yan tiwa. Kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀, àwọn tó ní i ló gbé ìran wa dé òní. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀fọn yàn kò mọ òkè.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kéré gan-an. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ni himoglóbíìnì wà, òun ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Apá kan lára rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n èròjà 146. Ẹyọ kan ṣoṣo, ìkẹfà, ló yàtọ̀ láàárín A àti S. Bí ọ́síjìn bá pọ̀ tó, S á ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí A. Bí ọ́síjìn bá dín kù, àwọn himoglóbíìnì S á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ ara wọn, wọ́n á le, wọ́n á na sẹ́ẹ̀lì náà gbọọrọ títí á fi tẹ̀ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kò lè yọ́ gba inú iṣan tóóró kọjá. Ẹ̀jẹ̀ á dúró, ìrora á dé. Nínú ẹni tó jẹ́ SS, tí àwa ń pè ní aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé ní Ọ̀yìngbò láìsí òkè rárá. Nínú AS, A tó wà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí S ráyè so mọ́ra, àfi bí ohun tó le bá ṣẹlẹ̀: òkè gíga, òùngbẹ, iṣẹ́ àṣelàágùn, òtútù. Ọjọ́ kejì lójú ọ̀nà Inca ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ibi tó sábà máa ń kọ́kọ́ dùn AS ni ọlọ inú, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti máa ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ryan Clark, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó gbá fún Pittsburgh Steelers, jẹ́ AS. Ní ọdún 2007, ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú Denver, tí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,600 mítà lọ. Ìhà òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀, wọ́n ti gé ọlọ inú rẹ̀ yọ, wọ́n sì yọ òróòro rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún ń lọ sí Denver ní oṣù Kìíní ọdún 2012, kóòṣì rẹ̀ kò jẹ́ kó wọ pápá. Èèyàn tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, tí dókítà yí ká, ní ibi tí kò tó ìdajì gíga Cusco.

N kò sọ ìtàn yìí kí AS má baà lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún AS ló ti gun òkè, tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ láyọ̀, èyí tó pọ̀ jù kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1987, àwọn oníṣègùn kéde pé nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń kọ́ṣẹ́ ológun, àwọn AS ń kú lójijì lẹ́nu eré ìdárayá ní nǹkan bí ìlọ́po 30 ti àwọn tí kì í ṣe AS. Ẹ̀rù ba gbogbo èèyàn. Àwọn ológun wá gbé òfin kalẹ̀ fún gbogbo ọmọ ogun, AS tàbí AA: omi mímu, ìsinmi lásìkò, kí iṣẹ́ máa le díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2016, ìwádìí mìíràn jáde lórí nǹkan bí 48,000 ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú. Ikú AS kò ju ti àwọn yòókù lọ mọ́. Ohun tó ṣì pọ̀ sí i láàárín wọn ni kí iṣan ara bàjẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ líle. Omi àti sùúrù ló gba ẹ̀mí là níbẹ̀, àwọn náà ló ń gbà á là lórí òkè.

Ti SS àti SC yàtọ̀. Ẹ̀rí ọkàn mi kò jẹ́ kí n rọ ọ̀rọ̀ yìí: kí wọ́n má lọ gun òkè bẹ́ẹ̀. A kì í sábà rántí SC, bẹ́ẹ̀ C, irú himoglóbíìnì mìíràn tó yàtọ̀ sí A àti S, wà láàárín àwa Yorùbá. Ọ̀pọ̀ tó jẹ́ SC ni ara wọn máa ń dá fún ọdún púpọ̀, tí wọ́n á máa rò pé tiwọn kò le. Ọlọ inú wọn ṣì wà dáadáa, nígbà tí ti SS sábà máa ń ti gbẹ láti kékeré, ìdí nìyẹn tí òkè fi máa ń tètè mú wọn. Kò di ìgbà tí wọ́n bá lọ sí Peru. Addis Ababa, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti ń wọ ọkọ̀ òfuurufú mìíràn, ga ju 2,300 mítà lọ. Ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC tó fẹ́ sùn níbẹ̀, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó wá ku ìbéèrè kan: ṣé jẹ́nótáìpù tí ẹ ń pe ara yín náà ni ẹ jẹ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa kàn ń sọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé fún wa nígbà tí a wọ ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà nìyí. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kí himoglóbíìnì lè jáde, wọ́n á kán an sí etí bébà funfun kan tó ti rin nínú omi oògùn. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ pé AS ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè rí ohun fi wé. Wọ́n á wá tan iná mànàmáná sí i. Iná náà á máa fa himoglóbíìnì lọ sí apá kan, A á sáré ṣíwájú, S á tẹ̀ lé e lẹ́yìn, C á gbẹ̀yìn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìlà pupa á ti hàn: ọ̀kan fún AA, méjì fún AS. Bí bébà bá gbẹ, bí iná bá ń ṣẹ́jú, bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é bá ń kánjú, àwọn ìlà náà á dàpọ̀, ẹni tó jẹ́ AS á gba ìwé AA relé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ ṣe é níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nǹkan méjì mìíràn tún wà tí ọmọ Èkó ń gbé lọ sórí òkè tí àwọn ìwé ìrìnàjò kì í sọ. Èkíní ni ibà. Kò sí ibà ní Cusco, òtútù ibẹ̀ kò gba ẹ̀fọn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó jẹ yín lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ní Ọ̀yìngbò lè jẹ́ kí ara yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lọ́sẹ̀ kejì, lórí Warmi Wañusqa. Orí fífọ́, èébì, àárẹ̀: bákan náà ni àmì ibà àti àmì àìsàn òkè. Dókítà ibẹ̀ lè má ronú kan ibà rárá. Bí ara bá gbóná, ẹ sọ fún un pé Nàìjíríà lẹ ti wá, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà, kó tó dárúkọ àìsàn mìíràn.

Èkejì ni káàdì yẹ́lò. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í jẹ́ kí ẹni tó ti Nàìjíríà wá wọlé láìní ìwé ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú. Ìwé náà kì í ṣiṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n gún abẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fi dìgbà tí ẹ bá dé pápákọ̀ òfuurufú. Láti ọdún 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ayé èèyàn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yìí ní ìtàn ní àdúgbò wa. Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller dá ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú sílẹ̀ ní Yábàá, kò ju ibi téèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Ọ̀yìngbò lọ. Ní 1927, àwọn olùwádìí rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú rẹ̀ sì ṣí ojú wọn. Ibà náà pa ọ̀kan nínú wọn, Adrian Stokes, ní Èkó lọ́dún náà gan-an. Fáírọ́ọ̀sì Asibi yẹn ni Max Theiler rọ̀ títí ó fi di àjẹsára 17D ní ọdún 1937, tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Asibi yè é ní tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ náà lónìí, ara ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń gbà.

Bí ẹ bá wá ń lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú tàn yín. Lima wà létí òkun bí Èkó. Ọkọ̀ tó gbéra níbẹ̀ máa ń dé Cusco láàárín wákàtí kan àti díẹ̀, ara tó kúrò nílẹ̀ pẹrẹsẹ láàárọ̀ á sì ti wà ní 3,400 mítà kí ó tó jẹun ọ̀sán. Ohun tó dára jù ni kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì lọ́jọ́ náà gan-an, sí Ollantaytambo, tí kò tó 2,800 mítà, kí ẹ sùn níbẹ̀ fún alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tó padà sí Cusco. Láti 3,000 mítà lọ, kí ibi tí ẹ ó sùn má ṣe fi ju 500 mítà ga ju ti àná lọ. Òfin yìí ṣòro láti pa mọ́ fún ẹni tí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kéré, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo orí yìí. Bí owó àti ọjọ́ kò bá tó láti rọra gùn, ọkọ̀ ojú irin wà tó ń lọ sí Machu Picchu, ahoro kan náà ni gbogbo wọn ń rí.

Oògùn acetazolamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Diamox, máa ń bá kíndìnrín yára ṣe àtúnṣe tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí dókítà sábà máa ń kọ ni 125 mílígíráàmù láàárọ̀ àti lálẹ́, láti ọjọ́ tó ṣáájú gígùn. Ìka ọwọ́ á máa ta ṣínṣín, ìtọ̀ á pọ̀ sí i. Ẹni tí Fansidar tàbí Septrin ti bá ara rẹ̀ jà rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí ìdílé oògùn kan náà ni. AS náà gbọ́dọ̀ sọ pé AS ni òun. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gbọ́dọ̀ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ kó tó lọ, torí òkè máa ń mú un ga sí i. Wọ́n á fún yín ní ewé coca jẹ tàbí mu bíi tíì níbẹ̀. Àṣà wọn ni, kò sì burú fún wọn. Ẹ mọ̀ pé ewé yìí ni wọ́n ti ń yọ kokéènì. Àyẹ̀wò ìtọ̀ á fi hàn lára ẹni tó mu ún, ẹni tó bá sì gbé e wọ Nàìjíríà ti kó sọ́wọ́ NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró.

Ẹ̀yin AS tí ẹ ń lọ, ẹ sọ fún afinimọ̀nà yín kí ẹ tó gbéra, kó má jẹ́ pé ìgbà tí ìrora bá dé lẹ ó máa wá ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni díje. Bí ìhà òsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ má pè é ní èyí tó máa ń mú ni nígbà tí a bá sáré. Ẹ dúró, ẹ sọ ọ́ jáde, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe àkójọ owó tíkẹ́ẹ̀tì: ẹ kọ́kọ́ yọ owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó lọ, ilé àjọ Sickle Cell Foundation Nigeria wà ní Ìdí-Àràbà, ní òdìkejì ọ̀nà sí ilé ìwòsàn LUTH.